Obì Aláwẹ́ Méjì Nínú Àyà Mi

Ọdún tí mo wọ yunifásítì ni dókítà kan gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà lé mi láyà. Ó gbọ́ tibí, ó gbọ́ tọ̀hún, ó ní kí n mí sínú, kí n mí síta. Àyẹ̀wò tí wọ́n ń ṣe fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ni. Àwọn tó wà níwájú mi lórí ìlà ò lò ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Èmi lo tó mẹ́wàá. Nígbà tó yá, ó bi mí pé, "Ṣé ẹnì kankan ti sọ fún ẹ rí pé ariwo kan wà nínú àyà ẹ?"

Mo ní rárá. Ọmọ ọdún 19 ni mí nígbà yẹn. Mò ń gbá bọ́ọ̀lù, mò ń fa omi kànga nílé wa ní Ìníṣà, kò sí ibi kankan tó ń dùn mí. Ariwo wo?

Ó kọ ìwé fún mi pé kí n lọ ṣe echo ní ilé ìwòsàn ńlá kan ní Òṣogbo. Echo ò le. Ẹ̀rọ irú èyí tí wọ́n fi ń wo ọmọ nínú aboyún ni, ó ń fi ìró tí etí èèyàn ò lè gbọ́ ya àwòrán ọkàn bó ṣe ń lù. Wọ́n fi nǹkan tútù kan tó ń yọ̀ pa mí láyà, mo dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ òsì, mo sì ń wo ọkàn ara mi lójú ẹ̀rọ. Dókítà obìnrin tó ń ṣe é nawọ́ sí nǹkan kan tó ń ṣí tó ń pa dé. Ó ní, "Wò ó, ilẹ̀kùn yìí, awẹ́ mẹ́ta ló yẹ kó ní. Tìẹ, méjì ni."

Awẹ́. Ọ̀rọ̀ tó lò gan-an nìyẹn. Ọ̀rọ̀ náà sì wọ̀ mí létí, torí pé obì ni ìyá àgbà mi ń tà lọ́jà láti kí wọ́n tó bí bàbá mi.

Ilẹ̀kùn mẹ́rin, iṣẹ́ kan

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Ọkàn èèyàn kò ju ìkúùkù ẹ̀ lọ púpọ̀. Yàrá mẹ́rin ló wà nínú ẹ̀, ilẹ̀kùn mẹ́rin ló sì ń ṣọ́ ọ̀nà ẹ̀jẹ̀. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni gbogbo àwọn ilẹ̀kùn yìí ń ṣe: kí ẹ̀jẹ̀ lọ síwájú, kó má padà sẹ́yìn. Tí ẹ bá ti dúró lọ́dọ̀ fọganáísà rí, ẹ ti rí irú ẹ̀. Fáàfù táyà máa ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé, kì í jẹ́ kó jáde.

Èyí tó kàn wá lónìí ni ilẹ̀kùn aorta. Aorta ni iṣan ẹ̀jẹ̀ tó tóbi jù lọ nínú ara. Inú yàrá ìsàlẹ̀ lápá òsì, tó lágbára jù nínú ọkàn, ló ti ń gba ẹ̀jẹ̀, tó sì ń pín in káàkiri láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ẹnu ọ̀nà àárín àwọn méjèèjì kò fẹ̀ ju bíi sẹ̀ǹtímítà 2 sí 2.5 lọ. Àwọn awẹ́ tó ń pa á dé kò sì nípọn tó mìlímítà kan.

Ṣùgbọ́n ẹ wo iṣẹ́ tó ń ṣe. Ó ń ṣí, ó ń pa dé, bí ìgbà 100,000 lójúmọ́ kan. Ẹ̀jẹ̀ tó ń gba ibẹ̀ kọjá ní ìṣẹ́jú kan ṣoṣo tó lítà 5, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì epo kan tó kún dẹ́nu. Tí èèyàn bá fi máa pé ẹni 50 ọdún, ilẹ̀kùn yẹn á ti ṣí tó bílíọ̀nù 1.8 ìgbà. Kò sí káfíńtà tó lè ṣe irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ fún yín.

Báwo ni mẹ́ta ṣe di méjì?

Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ àkọ́kọ́ nínú oyún ni ọkàn àti àwọn ilẹ̀kùn ẹ̀ ń gba ìrísí wọn, nígbà tí obìnrin míì ò tíì mọ̀ pé òun lóyún pàápàá. Nínú àwa tí tiwa yàtọ̀, méjì nínú awẹ́ mẹ́ta ni kì í sábà pínyà. Wọ́n á lẹ̀ pọ̀ di ọ̀kan tó tóbi, ojú ibi tó yẹ kí wọ́n ti pínyà á sì hàn bí ojú rírán aṣọ. Ẹ ti la obì rí tí ẹ rí awẹ́ méjì tó so mọ́ra tí kò fẹ́ já? Bó ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn.

Orúkọ tí àwọn dókítà ń pè é ni bicuspid aortic valve. Òun ni ìyàtọ̀ àbímọ́ni tó wọ́pọ̀ jù lọ nínú ọkàn. Bí ènìyàn 1 sí 2 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní i, àwọn ọkùnrin sì pọ̀ níbẹ̀ ju obìnrin lọ ní ìlọ́po méjì sí mẹ́ta. Àwọn ìwádìí kan láti Amẹ́ríkà fi hàn pé kò wọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láàárín àwa aláwọ̀ dúdú. Kò wọ́pọ̀ kọ́ ni kò sí o. Èmi nìyí.

Àwọn míì wà tí tiwọn jẹ́ awẹ́ kan péré, wàhálà tiwọn sì máa ń tètè bẹ̀rẹ̀, nígbà míì láti kékeré. Àwọn díẹ̀ kan tún wà tí awẹ́ tiwọn jẹ́ mẹ́rin, tìyẹn sì máa ń fẹ́ jò tó bá yá.

Kì í ṣe ohun tuntun. Ó lé ní 500 ọdún tí Leonardo da Vinci, ayàwòrán ará Ítálì yẹn, ti ya ilẹ̀kùn aláwẹ́ méjì sínú ìwé ẹ̀. Ní 1886, dókítà William Osler kọ̀wé pé irú ilẹ̀kùn báyìí ni kòkòrò àìfojúrí fẹ́ràn láti bà lé. Ní 2005, àwọn onímọ̀ rí i pé bí àléébù bá wà nínú jíìnì kan tó ń jẹ́ NOTCH1, ó lè fà á nínú àwọn ìdílé kan.

Ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa: kì í ṣe ohun tí ìyá jẹ nígbà oyún ló fà á. Kì í ṣe àfiṣe. Ẹnikẹ́ni ò fi ṣe ẹnikẹ́ni.

Ohun tí ìyá àgbà mi sọ

Nígbà tí mo délé, ìyá àgbà pè mí jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ apẹ̀rẹ̀ obì wọn. "Kí ni wọ́n ní ó ṣe ọ́, ọkọ mi?"

Mo ní, "Ìyá àgbà, wọ́n ní awẹ́ méjì ni ilẹ̀kùn ọkàn mi ní, pé mẹ́ta ló yẹ kó jẹ́."

Wọn ò sọ̀rọ̀. Wọ́n mú gbànja kan, wọ́n là á sí méjì, wọ́n fi hàn mí. "Méjì nìyí. Ta ló sọ pé kì í ṣe obì?"

Òótọ́ ni. Àbàtà lè ní awẹ́ mẹ́ta, mẹ́rin, márùn-ún. Gbànja kì í ju méjì lọ, obì sì ni àwọn méjèèjì. Lọ́jọ́ yẹn ọ̀rọ̀ náà tù mí nínú gan-an. Ilẹ̀kùn mi kì í ṣe àìsàn, ìyàtọ̀ ni. Ṣùgbọ́n obì kì í ṣí, kì í sì í pa dé lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Kí ló dé tó fi ń tètè gbó?

Awẹ́ mẹ́ta máa ń ṣí gbayawu, ẹnu ọ̀nà á fẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Awẹ́ méjì kì í ṣí tó bẹ́ẹ̀. Ẹnu ẹ̀ máa ń rí gbọọrọ bí ẹnu ẹja. Ẹ̀jẹ̀ tó bá gba ibẹ̀ jáde á máa tú jáde pẹ̀lú ipá, á sì máa lọ gbá ara ògiri aorta ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ ti fi àtàǹpàkò dí ẹnu họ́ọ̀sì omi rí? Ariwo tí omi yẹn ń pa nígbà tí ẹnu ẹ̀ bá há, irú ẹ̀ ni dókítà gbọ́ nínú àyà mi.

Ẹrù tí àwọn mẹ́ta ì bá pín rù, àwọn méjì ló wá ń rù ú. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, awẹ́ á máa ní ojú ọgbẹ́ wẹ́wẹ́. Calcium á bẹ̀rẹ̀ sí í tò síbẹ̀ bí ìdọ̀tí funfun tó ń lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ kẹ́tù. Àmọ́ ó ju ti kẹ́tù lọ, torí pé àwọn sẹ́ẹ̀lì kan nínú awẹ́ fúnra wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í hùwà bíi sẹ́ẹ̀lì egungun. Ohun tó rọ̀ tẹ́lẹ̀ á wá le gbandi.

Èyí lè ṣẹlẹ̀ sí aláwẹ́ mẹ́ta náà o, àmọ́ ọjọ́ ogbó ni, ní nǹkan bí ẹni 70 sí 80 ọdún. Ní ti aláwẹ́ méjì, ó máa ń fi bí ọdún 10 sí 20 ṣáájú. Ìfúnpá gíga tí kò sí ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀ tún máa ń dá kún un.

Ọ̀nà mẹ́rin ni wàhálà lè gbà wá:

- Ilẹ̀kùn lè kọ̀ tí kò ṣí dáadáa mọ́. Ọkàn á máa fi tipátipá ti ẹ̀jẹ̀ jáde, ẹran ara ẹ̀ á sì máa nípọn.
- Ilẹ̀kùn lè kọ̀ tí kò pa dé dáadáa. Ẹ̀jẹ̀ á máa jò padà, yàrá ọkàn á sì máa fẹ̀.
- Aorta fúnra ẹ̀ lè máa wú. Tó bá ti fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 5 sí 5.5, àwọn dókítà á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ, kó má bàa ya.
- Kòkòrò àìfojúrí lè ti inú ẹ̀jẹ̀ bà lé e. Ẹnu tó dọ̀tí àti eyín tó ti jẹrà wà lára ibi tí irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ ń gbà wọlé.

Àmì tó yẹ kó bà wá lẹ́rù mẹ́ta ni: kéèyàn máa mí hẹlẹ nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́ tí kò ń mú un mí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí àyà máa dùn ún, àti kó dákú nígbà tó ń ṣe nǹkan tó gba agbára. Tí ilẹ̀kùn bá ti há gan-an, tí àmì wọ̀nyí sì ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ ò ní lò ju ọdún méjì sí márùn-ún lọ tí wọn ò bá pààrọ̀ ẹ̀.

Mo kà á lórí fóònù mi lóru ọjọ́ kan, mi ò sùn. Àmọ́ mo tún ka nǹkan míì. Ní 2008, ìwádìí méjì jáde, ọ̀kan láti Amẹ́ríkà, ọ̀kan láti Kánádà. Wọ́n tẹ̀ lé ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn tó ní aláwẹ́ méjì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn kan nínú wọn ṣe iṣẹ́ abẹ, àwọn kan ní wàhálà, ṣùgbọ́n ẹ̀mí wọn gùn tó ti àwọn èèyàn tó kù láwùjọ. Kí ló fà á? Àwọn èèyàn yìí mọ ohun tó ń ṣe wọ́n. Dókítà ń wò wọ́n látìgbàdégbà, wọ́n sì rí iṣẹ́ abẹ ṣe kó tó pẹ́ jù.

Ọ̀fun dídùn náà ń ba ilẹ̀kùn jẹ́

Mo gbọ́dọ̀ sọ eléyìí, kẹ́ ẹ má bàa rò pé gbogbo àìsàn ilẹ̀kùn ọkàn ni wọ́n bí mọ́ni. Nílẹ̀ wa, èyí tó ń ṣe àwọn ọ̀dọ́ jù kì í ṣe àbímọ́. Ọ̀fun ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Kòkòrò kan tó ń jẹ́ streptococcus á wọ ọ̀fun ọmọdé, wọ́n á fún un ní oyin àti ọsàn wẹ́wẹ́, ó sì lè dà bíi pé ó ti lọ. Nínú àwọn ọmọ kan, àwọn ọmọ ogun ara tó ń bá kòkòrò jà á ṣìnà, wọ́n á yíjú sí oríkèé ara àti ilẹ̀kùn ọkàn. Ìyẹn ni ibà rheumatic. Nínú ìwádìí ńlá kan tí wọ́n pè ní REMEDY, tí Nàìjíríà wà nínú ẹ̀, ìdajì àwọn tó ní àìsàn ọkàn tó ń tẹ̀yìn ẹ̀ yọ ò tíì ju ẹni 28 ọdún lọ. Ní 2018, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe ìpinnu pé kí gbogbo orílẹ̀-èdè gbógun tì í.

Ìyàtọ̀ wọn nìyí: èyí ṣeé dènà. Tí ọ̀fun bá ń dun ọmọ, tí ara ẹ̀ sì gbóná, ẹ gbé e lọ síbi tí wọ́n á ti wò ó. Penicillin tí kò wọ́n lè dá a dúró níbẹ̀. Aláwẹ́ méjì kò ṣeé dènà, àmọ́ ó ṣeé ṣọ́.

Ó kan bàbá mi

Dókítà ti sọ fún mi kí n tó kúrò ní Òṣogbo pé ó máa ń wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìdílé. Nínú òbí, ọmọ àti àbúrò ẹni tó ní i, bí ẹni kan nínú mẹ́wàá ló máa ń ní i pẹ̀lú. Ó ní kí gbogbo wọn wá ṣe echo.

Àbúrò mi ni mò ń rò, torí bọ́ọ̀lù ni gbogbo ayé ẹ̀. A mú un lọ. Awẹ́ mẹ́ta, ó pé. Ó padà sórí pápá lọ́jọ́ kejì.

Bàbá mi ò lọ. Bíríkìlà ni wọ́n, ẹni 54 ọdún. Wọ́n ní, "Ṣé èmi ni mò ń ṣàìsàn ni? Ìwọ ni wọ́n ní ariwo wà láyà ẹ." Àmọ́ mo ti ń kíyè sí wọn. Tẹ́lẹ̀, wọ́n á gbé páànù sìmẹ́ńtì gun àkàbà láìdúró. Ní báyìí, wọ́n á sinmi lágbedeméjì. Tí mo bá bi wọ́n, wọ́n á ní, "Àgbà ló ń dé." Agbo wà nínú ìgò lẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọ́n ní ti àyà ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n dákú níbi iṣẹ́ ní Ìkìrun. Kò tó ìṣẹ́jú kan. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ da omi sí wọn lórí, wọ́n ní oòrùn ni. Nígbà tí wọ́n pè wá, ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, torí mo ti ka ìtumọ̀ ẹ̀. Màmá mi ní ká gbàdúrà ná. A gbàdúrà. Lẹ́yìn náà, a wọ mọ́tò lọ sí Òṣogbo.

Awẹ́ méjì, bíi tèmi. Àmọ́ tiwọn ti gan. Ẹnu ọ̀nà tó yẹ kó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 3 sí 4 níbùú lóròó, tiwọn ò tó 1 mọ́.

Ohun tí wọ́n lè ṣe sí i

Kò sí oògùn tó ń rọ ilẹ̀kùn tó ti gan. Wọ́n ti gbìyànjú oògùn tó ń dín ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kù nínú ìwádìí mẹ́ta tó jáde láàárín 2005 sí 2010, kò dá a dúró. Agbo ò lè ṣe é náà. Pípààrọ̀ ni. Láti 1960 ni àwọn oníṣẹ́ abẹ ti ń fi ilẹ̀kùn àtọwọ́dá sínú ọkàn èèyàn. Ní Nàìjíríà, ní 1974 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ abẹ tó la ọkàn, ní ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì ní Enugu. Ní 2002, dókítà Alain Cribier ní Faransé gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ láti ibi ìtan gbé ilẹ̀kùn tuntun débẹ̀, láìla àyà. Owó ìyẹn ṣì ga ju apá ọ̀pọ̀ wa lọ.

Tiwa náà, owó ni. Ilẹ̀ tí bàbá mi fẹ́ kọ́lé sí lọ́nà Òkukù, a tà á. Ìyá àgbà kó àjọ wọn. Ẹbí pé jọ lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀rọ̀ sì fẹ́ dìjà lẹ́ẹ̀kan. Oṣù méje ló gbà wá. Mi ò ní dárúkọ ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ṣe é, ṣùgbọ́n wọ́n ṣe é, bàbá mi sì wálé.

Oríṣi ilẹ̀kùn méjì ni wọ́n ní ká mú ọ̀kan nínú ẹ̀. Èyí tí wọ́n fi ara màlúù tàbí ẹlẹ́dẹ̀ ṣe kì í gba oògùn púpọ̀, àmọ́ ó lè gbó láàárín ọdún 10 sí 15, ó sì máa ń yá jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ara ọ̀dọ́. Èyí tí wọ́n fi carbon líle ṣe lè bá èèyàn dọ́jọ́ alẹ́, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ lè dì mọ́ ọn. Ẹni tó bá ní i gbọ́dọ̀ máa lo warfarin lójoojúmọ́ títí ayé, kó sì máa lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò. Bàbá mi mú ti carbon.

Warfarin ti yí ilé wa padà. Ẹ̀fọ́ ní vitamin K tó ń bá oògùn náà jà. Wọn ò ní kí bàbá má jẹ ẹ̀fọ́ o. Wọ́n ní kí ìwọ̀n ẹ̀ máa dọ́gba, kí wọ́n má jẹ abọ́ mẹ́ta lónìí kí wọ́n wá pa á tì fún ọ̀sẹ̀ kan. Agbo ti kúrò lẹ́yìn ilẹ̀kùn, torí ewé àti egbò kan lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa ya tàbí kó dì. Ìyẹn ló le jù fún wọn.

Ẹ̀yin ńkọ́?

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú lọ kò pọ̀. Tí dókítà bá sọ pé ariwo wà láyà yín, ẹ má sá. Ọ̀pọ̀ ariwo àyà kì í ṣe nǹkan kan, àmọ́ echo ló máa sọ. Tí wọ́n bá ní aláwẹ́ méjì ni, ẹ béèrè ìgbà tẹ́ ẹ máa padà wá, ẹ sì padà lọ. Ẹ fọ ẹnu, ẹ tọ́jú eyín, ẹ mọ iye tí ìfúnpá yín jẹ́. Ẹ béèrè bóyá bọ́ọ̀lù ṣì bá yín mu: fún ẹni tí ilẹ̀kùn ẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa, tí aorta ẹ̀ ò sì wú, ó sábà máa ń bá a mu. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ jẹ́ kí dókítà mọ̀ kẹ́ ẹ tó lóyún. Kẹ́ ẹ sì mú òbí àti àbúrò yín lọ, kódà tí wọ́n bá ní àgbà ló ń dé.

Tèmi ṣì rọ̀. Ọdọọdún ni mò ń lọ wò ó, mo sì mọ̀ pé ọjọ́ kan lè dé tí màá nílò tuntun. Mo ti ń tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀.

Lálẹ́, tí wọ́n bá mú iná lọ, tí fáànù dákẹ́, tẹ́ ẹ bá jókòó ti bàbá mi, ẹ máa gbọ́ ilẹ̀kùn náà: kí, kí, kí. Àbúrò mi ní òun ò lè sùn nítòsí ẹ̀. Ìyá àgbà ní aago ni wọ́n fi sáyà ọmọ àwọn. Wọ́n máa ń gbé àga wọn sún mọ́ ọn láti gbọ́ ọ.